Gbèsè Àkọ́kọ́ àti Ìbéèrè Ìwọ̀fà

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀

Ibi kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:1–7, Nehemáyà 5:1–13, Lúùkù 14:28–30

Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa, àti àwọn ọmọ wa, lè mọ ohun tó yẹ kí a béèrè kí a tó gba owó àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ayánilówó, ìbáà ṣe lọ́jà, ní báńkì, lórí fóònù tàbí nípasẹ̀ káàdì.

Ọ̀rọ̀ owó ni ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ owó kò yẹ nínú ilé Ọlọ́run, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó mú wa kọ ọ́.

Ní ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa tó ń yan gàrí tà fẹ́ fi owó kún owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Kò tíì yá owó rí láyé rẹ̀. Ọmọ náà fi hàn án bí a ti ń yá owó lórí fóònù, ó sì béèrè ₦20,000. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí owó fi wọlé, ṣùgbọ́n ₦15,000 ni ó rí. Ayánilówó náà ti yọ ₦5,000 sílẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún un láti san ₦20,000 padà. Oníbàárà rẹ̀ tó máa ń ti Abẹ́òkúta wá kó gàrí kò wá ní ọjọ́ ọjà tó gbójú lé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, fóònù púpọ̀ nínú wa dún kí a tó jáde nílé. Àtẹ̀ránṣẹ́ ni. Àwòrán arábìnrin wa wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni.

Kí ni àwa ṣe? Àwọn kan pa á rẹ́. Àwọn kan fi han ara wọn lẹ́yìn ìsìn. Kò sí ẹni tó lọ sí ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta ni kò fi wá sí ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti san gbogbo owó náà tán kí oṣù kan tó pé. Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí wà lára àwọn tó gba àtẹ̀ránṣẹ́ náà. Nígbà tí a wá lọ bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun kan tí a kò lè dáhùn. Ó ní, "Ẹ kọ́ wa bí a ti ń gbààwẹ̀, ẹ kọ́ wa bí a ti ń tọ́ ọmọ. Kí ló dé tí ẹ kò kọ́ wa bí a ti ń jẹ gbèsè?" Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, kí a má dárúkọ òun.

Ohun tí opó náà ní nílé

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú Bíbélì. Opó tí a kà nípa rẹ̀ nínú Àwọn Ọba Kejì orí 4 kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí onínàákúnàá. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, ó kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀. Onígbèsè fẹ́ wá kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo gbogbo ẹni tó bá jẹ gbèsè.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́ta. Èkínní, kí Èlíṣà tó ṣe ohunkóhun, ó béèrè ohun tí obìnrin náà ní nílé. Èkejì, ó rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò láti tọrọ ìkòkò òfìfo. Yíyá ni èyí náà, ṣùgbọ́n yíyá tí kò ní èlé nínú ni, láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Ẹ̀kẹta, nígbà tí òróró ti kún, ètò wà lórí bí wọn yóò ti ná an: kí a tà á, kí a kọ́kọ́ san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ ìyókù. Iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run kò fagi lé ìṣirò owó.

Ní ìgbà Nehemáyà ẹ̀wẹ̀, àwọn ènìyàn fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé wọn dógò nítorí ìyàn. Wọ́n fi ọmọ wọn ọkùnrin àti obìnrin sínú oko ẹrú. Èlé tí Nehemáyà bínú sí nígbà náà jẹ́ 1 nínú 100. Kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí a bá dé orí ìṣirò ti ayé òde òní.

Ìbéèrè ìwọ̀fà

Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú mọ gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé àṣà ìwọ̀fà dáadáa. Bí ènìyàn bá yá owó, yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì ní àkókò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín gbèsè kù. Èlé nìkan ni iṣẹ́ náà ń san. Ojú owó, èyíinì ni iye tí a gbà gan-an lọ́wọ́ olówó, dúró síbẹ̀ láìyingin. Ìwọ̀fà lè ro ebè fún ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tó bá fẹ́ kúrò, iye tí wọ́n yá ní ọdún kìíní náà ni wọn yóò san lódindi. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi dàgbà sẹ́nu ìwọ̀fà.

Johnson tún sọ nípa ológò. Èyí ni ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ àti ẹran tó bá rí jẹ, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé, tí wọn yóò sì wá owó náà san. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i pé àtẹ̀ránṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù wa ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn kì í ṣe ohun tuntun? Ológò ni. Kò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́, orí fóònù ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló ń jókòó sí.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò tíì kásẹ̀. Òun ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ ilé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí: Owó tí mo fẹ́ máa san yìí, ṣé ojú owó ni yóò máa dínkù ni, àbí èlé nìkan ni mo ń san? Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ìbejì pọ̀ ní Igbó-Ọrà wa, mọ̀ pé ẹni tó ra aṣọ fún Táyé tí kò ra fún Kẹ́hìndé kò tíì ra aṣọ tán. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè rí. Ojú owó àti èlé jọ ń wọlé ni. Kí a má ṣe wo ọ̀kan kí a gbàgbé èkejì.

Oríṣi gbèsè tó wà ní àyíká wa

Àwìn ọjà. Èyí ni gbèsè tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀. A gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, a yan gàrí, a tà á, a san owó àgbẹ̀. Kò sí èlé lójú, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn iye tí a fi ń tàwìn ju iye owó ọwọ́ lọ. Ìyàtọ̀ náà ni èlé. Ẹ máa béèrè iye méjèèjì.

Èésú. Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé èésú kì í ṣe gbèsè. Òótọ́ ni fún ẹni tó kó o kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí àwa mẹ́wàá bá ń dá ₦10,000 lóṣù, ẹni tó kọ́kọ́ kó ₦100,000 ti jẹ àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní ₦90,000 láti ọjọ́ náà. Gbèsè tí kò ní èlé ni, ó sì jẹ́ gbèsè àkọ́kọ́ tó dára, nítorí gbogbo kọ́bọ̀ tí a bá dá ló ń pa ojú owó. Ìwà ènìyàn ni ìdógò rẹ̀. Ẹni tó bá kó èésú tí kò dá mọ́ ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Níhìn-ín a kọ́kọ́ ń fi owó pamọ́, lẹ́yìn náà a yá. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ènìyàn lè yá tó ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, pẹ̀lú onídùúró méjì. Èlé rẹ̀ kì í sábà pọ̀, èrè rẹ̀ a sì máa padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Sùúrù ni ó gbà, nítorí kì í ṣe ọjọ́ tí a wọlé ni a ń yáwó.

Owó báńkì kékeré. Àwọn obìnrin ọjà ti fún un ní orúkọ tí gbogbo wa mọ̀, gbọ́múlélántà. Inú ẹgbẹ́ ni a ti ń yá a, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a sì ń san án. Ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ kúrò nílé. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni bí wọ́n ti ń ṣírò èlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Jẹ́ kí a sọ pé arábìnrin kan yá ₦120,000 fún oṣù mẹ́fà, tí yóò máa san ₦20,000 ojú owó lóṣù kọ̀ọ̀kan, tí èlé sì jẹ́ 4 nínú 100 lóṣù. Bí wọ́n bá ń ṣírò èlé lórí iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, oṣù kìíní yóò san ₦4,800, oṣù kejì ₦4,000, oṣù kẹta ₦3,200, yóò máa dínkù bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ èlé rẹ̀ yóò jẹ́ ₦16,800. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣírò èlé lórí ₦120,000 lóṣooṣù títí dé òpin, ₦4,800 ni yóò máa san ní ìgbà mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦28,800. "4 nínú 100" kan náà ni wọ́n pe méjèèjì, ṣùgbọ́n ₦12,000 ló wà láàárín wọn. Ẹni tí kò béèrè kò ní mọ̀.

Owó orí fóònù. Owó yìí ló yá jù láti gbà, òun ló sì sábà ń wọ́n jù. Ẹ wo ti arábìnrin wa. ₦15,000 ló lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì san ₦5,000 lé e. Ìdá kan nínú mẹ́ta ojú owó nìyẹn láàárín ọjọ́ 14. Bí ayánilówó bá ti ń béèrè àyè láti wo gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí fóònù wa, kí a mọ̀ pé ilé ológò ló ń mọ. Àjọ ìjọba FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin fún irú àwọn ayánilówó wọ̀nyí ní ọdún 2022, wọ́n sì tún gbé òfin tuntun jáde ní ọdún 2025. Kíkó ìtìjú bá onígbèsè lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ lòdì sí òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó lórí fóònù, kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ ayánilówó náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí FCCPC gbà wọlé. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó yẹra.

Káàdì àwìn

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ìbàdàn tàbí Èkó, àti àwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà, ń béèrè lọ́wọ́ wa nípa káàdì tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní kírẹ́díìtì káàdì. Káàdì àwìn ni a ó pè é níhìn-ín, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Kí a má ṣe ṣì í mú fún káàdì ATM tó wà nínú pọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ wa. Ojú wọn jọra. Ṣùgbọ́n káàdì ATM, owó tiwa ló ń fà yọ. Káàdì àwìn, owó báńkì ló ń fà yọ, àwa ni yóò sì san án.

Ní oṣù September 1958, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Bank of America, fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní ìlú Fresno ní Califọ́níà. Wọn kò béèrè fún un. Ilé ni ó bá wọn. Ẹ rántí èyí nígbà tí àtẹ̀ránṣẹ́ bá wọlé pé a ti "fọwọ́ sí" owó kan fún yín. Owó tí a kò béèrè kò di ẹ̀bùn nítorí pé ó bá wa nílé.

Ní ìparí oṣù, báńkì yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó ni káàdì. Iye méjì ni yóò wà níbẹ̀: gbogbo ohun tó jẹ, àti iye tó kéré jù tó lè san kí wọ́n má bàa dá a lẹ́bi. Bí ó bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní san èlé lórí ohun tó rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá san iye kékeré yẹn nìkan, ẹnu ọ̀nà ìwọ̀fà ló dé yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó jẹ ₦100,000, tí èlé sì jẹ́ 3 nínú 100 lóṣù. Bí ó bá ń san ₦3,000 lóṣù, ní ìparí ọdún kan yóò ti san ₦36,000, yóò sì ṣì jẹ ₦100,000. Kọ́bọ̀ kan kò dínkù. Ìwọ̀fà gan-an nìyẹn. Bí ó bá ń san ₦5,000, oṣù 31 ni yóò gbà á, yóò sì ti san nǹkan bí ₦155,000. Bí ó bá ń san ₦20,000, kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ, nǹkan bí ₦110,000 ni yóò sì san lápapọ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìṣirò yìí, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 2009 pé kí ìwé oṣooṣù káàdì máa sọ iye àkókò tí yóò gba ẹni tó bá ń san iye tó kéré jù nìkan. Òfin kan náà ní kí a má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní káàdì tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní owó tó ń wọlé fún un tàbí onídùúró.

Ọmọ tó bá fẹ́ gba káàdì àwìn àkọ́kọ́, kí ó gba èyí tí òdiwọ̀n rẹ̀ kéré sí owó oṣù rẹ̀. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ó fi ra ohun tó ti ní owó rẹ̀ nílẹ̀, kí ó sì sọ fún báńkì kí wọ́n máa fa gbogbo gbèsè náà yọ láti inú àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ó má fi fa owó ní ẹ̀rọ ATM, nítorí nínú ọ̀pọ̀ káàdì, ọjọ́ tí a bá fa owó ni èlé ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe èyí, káàdì ATM tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó o. Ṣe bí o ti mọ kì í ṣe òwe àwọn tálákà nìkan.

Ohun méje tí a ó béèrè

Kí a tó fọwọ́ sí ìwé, tàbí kí a tó tẹ fóònù, kí a béèrè ohun méje wọ̀nyí, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní Alájọ Ṣómólú kì í kọ orúkọ oníàjọ sílẹ̀, tí kì í sì í gbàgbé. Orí tiwa kò pé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́.

1. Èló ni yóò wọ ọwọ́ mi gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó fọ́ọ̀mù, owó ìpamọ́ àti owó mìíràn gbogbo?

2. Èló ni n ó san lápapọ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn? Kí òṣìṣẹ́ náà sọ ọ́ ní náírà, kì í ṣe ní "mélòó nínú ọgọ́rùn-ún" nìkan.

3. Owó tí mo ń san, ṣé ojú owó ló ń dínkù, àbí èlé nìkan? Ìbéèrè ìwọ̀fà nìyí.

4. Ọjọ́ wo ni ìsanwó, ṣé ó sì bá ọjọ́ tí owó ń wọlé fún mi mu? Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kò lè máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti inú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó. Ẹni tó ń yan gàrí tà lọ́jọ́ ọjà lè ṣe é.

5. Bí mo bá pẹ́, kí ni wọn yóò ṣe? Láti 1 August 2020, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti fún àwọn báńkì láyè láti yọ owó gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti inú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì mìíràn, nítorí BVN ló so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan pọ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ tí a tọ́jú sí báńkì kejì kò pamọ́ mọ́.

6. Ta ni onídùúró mi, ṣé ó sì mọ ohun tó ń dúró fún? Bí ìwọ bá sì ni wọ́n ní kí o dúró, tàbí kí o fi orúkọ rẹ gbà á fún ẹlòmíràn, lọ ka Òwe 6:1–5 kí o tó dáhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni gbèsè mọ̀.

7. Kí ni mo ti ní nílé? Ìbéèrè Èlíṣà nìyí. Ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìyókù. Ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe, ṣé yóò mú owó wọlé, àbí aṣọ ẹbí ni? Jésù Olúwa wa fi ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpèjúwe pé, kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, yóò jókòó ṣírò iye tí yóò ná an.

Bí a bá yá owó tí a sì san án pé, ẹ mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ kan wà ní Nàìjíríà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí olúkúlùkù ti ń san gbèsè. Gbèsè kékeré tí a san lásìkò ń sọ̀rọ̀ rere nípa wa lọ́jọ́ iwájú. Èyí tí a sá fún ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kí gbèsè àkọ́kọ́ kéré, kí ó kúrú, kí ó sì jẹ́ èyí tí a lè san bí ọjà kan kò bá tilẹ̀ tà.

Ojúṣe ẹgbẹ́ wa

Ẹ̀kọ́ yìí kò ní pé bí a bá dá gbogbo rẹ̀ lé arábìnrin kan lórí. Bí arábìnrin wa bá ní ibòmíràn tó lè lọ ní ọjọ́ yẹn, ṣé orí fóònù ni ì bá lọ? Ó wà láàárín wa, kò sì lè sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn.

John Wesley, baba wa nínú ìgbàgbọ́, kò fi irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àdúrà nìkan. Ní ọdún 1746 ó gba owó jọ ní London láti máa yá àwọn tálákà inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó tó kọ́kọ́ rí jẹ́ £30 àti ṣílè 16. Ṣílè 20 ni ẹnì kan lè yá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án, oṣù mẹ́ta ni yóò sì fi parí. Láàárín oṣù 18, owó kékeré yẹn ti yí dé ọwọ́ 255 ènìyàn. Ìdí tó fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn ni pé ẹni tó yá a ń dá a padà, ẹlòmíràn sì ń gbà á. Lẹ́yìn náà, aṣebàtà kan tó ń jẹ́ James Lackington yá £5 láti inú owó àwọn Mẹ́tọ́díìsì yìí, láìsí èlé, ó fi ra ìwé kún ọjà rẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú àwọn olùtàwé tó tóbi jù ní London. Láti ọdún 1780 ni ó ti pinnu pé òun kò ní tàwìn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí owó kékeré tí kò ní èlé gbé dìde ni.

Kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ obìnrin ní Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀ tàbí Ìdèrè kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí 30 nínú wa bá dá ₦1,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, ₦180,000 nìyẹn. Ẹni mẹ́sàn-án lè yá ₦20,000 láti inú rẹ̀ láìsan èlé. Ohun tó gbà ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo wa lè rí, akápò méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn, òfin pé oṣù mẹ́ta ni ìsanwó, àti ẹnu tó lè pa àṣírí mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló nira jù, ìtàn wa sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Bí àtẹ̀ránṣẹ́ bá tún wọlé nípa ẹnikẹ́ni nínú wa, ẹ jẹ́ kí a gbà láàárín ara wa pé a kò ní fi han ẹlòmíràn. A ó pa á rẹ́. Ẹni méjì yóò sì lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìkòkò tí opó náà yá àti gbèsè tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀?

2. Kí olúkúlùkù ronú sí gbèsè kan tó wà lọ́rùn rẹ̀ nísinsìnyí, láìsọ ọ́ síta. Ṣé ojú owó ni ó ń san, àbí èlé?

3. Èwo nínú àwọn ìbéèrè méje ni ó ṣòro jù láti béèrè lọ́wọ́ ayánilówó? Kí ló fà á?

4. Ṣé ẹgbẹ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ owó àyálò bíi ti Wesley? Kí àwọn alákòóso mú ìdáhùn ẹ̀ka wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Àdúrà

Olúwa, ìwọ tí o mọ ohun tó wà nínú ilé opó, fi ohun tí a ní hàn wá. Fún wa ní ọgbọ́n láti béèrè, ìgboyà láti kọ̀, àti agbára láti san ohun tí a jẹ. Dáríjì wá nítorí arábìnrin tí a fi sílẹ̀ nínú ìtìjú. Kọ́ wa láti kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ara wa kí ológò tó dé ibẹ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.